Ta Ni Yóò Dá Ẹjọ́ Ọ̀wọ̀?

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù June, ọdún 2022, tí í ṣe ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn apànìyàn kan kọlu ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti Francis Xavier Mímọ́ ní ìlú Ọ̀wọ̀, wọ́n fi ìbọn àti àdó olóró pa àwọn olùjọsìn tí kò mú nǹkan kan lọ́wọ́ ju ìwé orin àti ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ. Àwọn tí ó kú kò dín ní 40, àgbà àti ọmọdé. Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí igbe náà kò dé, àwa ní ìhà Ìjẹ̀bú sì gbọ́ ọ bí ẹni pé ní ẹ̀yìnkùlé wa ni ó ti dún.

Ní oṣù August ọdún náà, olórí àwọn ọmọ ogun kéde pé ọwọ́ ti tẹ àwọn kan tí wọ́n fura sí. Inú àwọn ènìyàn dùn, wọ́n ní ẹjọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 2022 kọjá, 2023 sì ń lọ sópin nígbà tí Gómìnà Rótìmí Akérédolú papò dà láìrí ìdájọ́ ọ̀ràn náà, òun tí í ṣe ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, àgbà agbẹjọ́rò tí ó ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà rí. Ọjọ́ 11 oṣù August, ọdún 2025, ni wọ́n tó mú àwọn ọkùnrin 5 wá síwájú Adájọ́ Emeka Nwite ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abùjá, àwọn 5 náà sì wí pé àwọn kò jẹ̀bi. Ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ gbé pọ̀n sá jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà ti dàgbà tó ẹni tí ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi.

Nínú ìdádúró yìí ni ọ̀rọ̀ kan ti jáde, tí ó sì ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa. A gbọ́ ọ ní ọjà Òkè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde, a gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, a sì gbọ́ ọ, èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù, láti ẹnu ọ̀gá ilé-ìwé kan tí a bọ̀wọ̀ fún gidigidi. Bàbá náà ní, "Ọmọ mi, èwo ni ti lọ́yà àti béèlì nínú ọ̀ràn agbésùnmọ̀mí? Sójà ni ó mú wọn. Kí sójà dá ẹjọ́ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ìbọn sì parí rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ogun wá, ogun ni kí ó gbé e lọ." A dákẹ́ fún Bàbá nítorí pé ọmọlúàbí kì í bá àgbà jiyàn lójú agbo, a sì mọ̀ pé ìbànújẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ìwé yìí ni wọ́n fún wa láti máa sọ tiwa, níbẹ̀ ni a ó sì ti dá a lóhùn pẹ̀lú ìtẹríba.

Ọ̀rọ̀ Bàbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tẹ̀lé ẹjọ́ lórí ilẹ̀ lásán ní orílẹ̀-èdè yìí mọ̀ pé bàbá lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ọmọ parí rẹ̀. Lónìí agbẹjọ́rò kò wá, lọ́la adájọ́ lọ sí ìpàdé, lọ́tùnla ìwé ẹ̀sùn kò pé. Ẹlẹ́rìí a sì máa bẹ̀rù, nítorí ó mọ̀ pé òun yóò padà sùn ní ilé tí kò ní odi. Òfin tí ó de iṣẹ́ agbésùnmọ̀mí, èyí tí Ààrẹ Buhari fi ọwọ́ sí ní oṣù May 2022, tí kò tó oṣù kan ṣáájú ọ̀ràn Ọ̀wọ̀, gbé irú ẹjọ́ báyìí lé Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ lọ́wọ́. Ohun tí Bàbá àti àwọn tí ń sọ bíi tirẹ̀ ń béèrè ni pé kí a gbà á kúrò lọ́wọ́ adájọ́ alágbádá, kí a gbé e fún ẹni tí ó wọ aṣọ ogun.

Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú kò ní láti lọ jìnnà kí a tó mọ ohun tí èyí jẹ́. Òdogbolú kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ ibẹ̀ ni Ọ̀gágun Ọládipọ̀ Díyà, sójà tí ó tún kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì Zaria. Òun ni igbákejì Abacha nínú ìjọba ológun tí ó gba àṣẹ ní 1993. Ní 1995, lábẹ́ ìjọba yẹn, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ pàtàkì kan, tí adájọ́ 2 àti sójà 1 jókòó nínú rẹ̀, dá ẹjọ́ ikú fún Ken Saro-Wiwa àti ọmọ Ogoni 8 mìíràn. Kò sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kankan tí wọ́n lè gbé e lọ. Ìgbìmọ̀ àwọn ológun tí ń ṣèjọba ni ó fi òǹtẹ̀ lu ìdájọ́ náà, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 10 oṣù November wọ́n so wọ́n kọ́ ní Port Harcourt. Láti ọjọ́ ìdájọ́ dé ọjọ́ ikú kò pé ọ̀sẹ̀ 2. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù June 2025, ìjọba Nàìjíríà kéde pé òun ti forí jì wọ́n. Ta ni wọ́n kéde rẹ̀ fún?

Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2 péré lẹ́yìn ikú àwọn ọmọ Ogoni. Ní oṣù December 1997, wọ́n mú Díyà fúnra rẹ̀, wọ́n ní ó dìtẹ̀ sí ìjọba tí òun jẹ́ igbákejì rẹ̀. Wọ́n gbé òun àti àwọn mìíràn lọ sí Jos, síwájú ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ ológun tí Ọ̀gágun Victor Malu ṣe alága rẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ní oṣù February 1998, wọ́n jẹ́ kí àwọn oníròyìn wọlé, ibẹ̀ ni Díyà sì ti pariwo pé ńṣe ni wọ́n dẹ pàkúté fún òun. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ohun tí ayé tún gbọ́ ni ìdájọ́, ní ọjọ́ 28 oṣù April: ikú fún ènìyàn 6, Díyà wà lára wọn, ẹnìkan nínú wọn kì í tilẹ̀ ṣe sójà. Ìwé náà wà níwájú Abacha, ó ku kí ó fi ọwọ́ sí i, ni Ọlọ́run bá pè é ní ọjọ́ 8 oṣù June. Bí kì í bá ṣe ikú yẹn, Òdogbolú ì bá ti sin òkú. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar yí ikú padà sí ẹ̀wọ̀n, ó sì tú wọn sílẹ̀ ní 1999.

Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ ní àjà fún ìyàwó. A kò sọ èyí láti fi olóògbé ṣẹ̀sín. Díyà ti lọ sinmi láti oṣù March 2023, ọmọ Ìjẹ̀bú sì ni wá, a kì í fi òkú ọmọ ilé ṣe yẹ̀yẹ́. A sọ ọ́ nítorí pé amòfin ni ọkùnrin yìí, ó sì wà nínú ìjọba tí ó sọ pé kí ìgbìmọ̀ kékeré kan máa dá ẹjọ́ ikú láìsí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ó di tirẹ̀, kò sí ibì kan tí ó lè ké sí. Ohun mìíràn sì wà níbẹ̀ tí ó dùn wá jù. Títí di òní, bí ènìyàn 3 bá jókòó níbi tí wọ́n ti ń mu ẹmu ní Òdogbolú, tí ọ̀rọ̀ Díyà sì ṣẹ́ yọ, èrò 3 ni wọn yóò ní: pé ó dìtẹ̀, pé kò dìtẹ̀, pé wọ́n tì í wọ̀ ọ́ ni. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Oputa tún ọ̀ràn náà gbé yẹ̀ wò ní gbangba lẹ́yìn tí ológun lọ, olúkúlùkù sọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì bá ara mu. Ilé ẹjọ́ tí ó tilẹ̀kùn dá ẹjọ́ kò fi ohun kan sílẹ̀ tí ọmọ aráyé lè gbé kà kí wọ́n sì sọ pé, "Báyìí ni ó rí."

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀rù fún àwọn ará Ọ̀wọ̀. Opó tí ó pàdánù ọkọ rẹ̀ ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì yẹn kò fẹ́ kí wọ́n ṣáà pa ẹnìkan. Ó fẹ́ mọ ẹni tí ó ṣe é, ẹni tí ó rán an, ibi tí ìbọn ti wá, àti ìdí tí ó fi jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Bí sójà bá yìnbọn pa ènìyàn 5 ní bárékè kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọn yóò sọ fún opó náà pé ó ti tán. Kò ní mọ̀ bóyá àwọn gan-an ni. Kò sì ní sí ẹni tí ó lè bi léèrè, nítorí òkú kì í dáhùn ìbéèrè.

A mọ ohun tí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ yóò sọ, pàápàá ẹ̀yin tí àwọn bàbá yín dìbò fún Ọ̀pẹ. Ẹ ó ní: ilé ẹjọ́ alágbádá kọ́ ni ó sọ Awólọ́wọ̀ sí ẹ̀wọ̀n? Sójà kọ́ ni ó tú u sílẹ̀? Òótọ́ ni, a kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ní oṣù November 1962 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Èkó, pé wọ́n fẹ́ fi ipá gba ìjọba, pé wọ́n sì rán àwọn ènìyàn lọ kọ́ iṣẹ́ ogun ní Ghana. Agbẹjọ́rò tí ó yàn láti ìlú òyìnbó, ìjọba kò jẹ́ kí ó wọlé, ó sì di dandan kí ó gba ẹjọ́ ara rẹ̀ rò. Ní ọjọ́ 11 oṣù September 1963, Adájọ́ Ṣówẹ̀mímọ̀, tí òun náà sọ pé wọ́n ti so òun lọ́wọ́, rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ kò gbà á là ní 1964. Ní oṣù August 1966 ni Gowon tú u sílẹ̀ ní Kàlàbá. Ẹni tí ó bá sọ pé kóòtù alágbádá kò lè ṣi ọwọ́ ìjọba tì í, ẹ̀kọ́ ìtàn ni kò kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó yàtọ̀. Ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ yẹn ṣí sílẹ̀. Ohun tí ẹlẹ́rìí sọ ní òwúrọ̀, ìwé ìròyìn ti tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ kejì, àwọn tíṣà sì ń kà á sókè lábẹ́ igi fún àwọn tí kò mọ ìwé. Olùjẹ́jọ́ dìde, ó bi àwọn ẹlẹ́rìí ìjọba léèrè ọ̀rọ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó sì sọ ti inú rẹ̀ kí wọ́n tó dá ẹjọ́. Láti inú àkọsílẹ̀ gbangba yìí ni Láteef Jákàńdè, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ jẹ́jọ́, ti rí ohun kọ ìwé lórí ìgbẹ́jọ́ náà, tí ó jáde ní 1966. Ìdí nìyẹn tí Awólọ́wọ̀ fi jáde lẹ́wọ̀n tí àwọn ènìyàn sì gbé e gẹ̀gẹ̀: wọ́n ti ka ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti dá tiwọn lọ́kàn. Wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi ìyà náà pamọ́. Ta ni yóò kọ ìwé lórí ìgbẹ́jọ́ Jos? Kí ni yóò fi kọ ọ́?

Ọmọ Ìsarà kan sì wà tí ó tọ́ ìwà méjèèjì wò. Ní 1965 wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ síwájú Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ ní Ìbàdàn lórí ọ̀ràn ilé iṣẹ́ rédíò. Adájọ́ wo ẹ̀rí, kò tó, ó ní kí ó máa lọ sílé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ìgbà náà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1967 àwọn ológun mú un. Wọ́n fi í sí àtìmọ́lé fún ohun tí ó lé ní ọdún 2, kò sì rí ojú adájọ́ kankan.

Ẹ jẹ́ kí n yà kúrò nínú "àwa" olóòtú ní ìṣẹ́jú kan, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin olùkọ́, olùkọ́ sì ni wọ́n kọ́ mi láti jẹ́. Nígbà tí wọ́n rán wa lọ ṣe ìdánrawò ní ilé-ìwé abúlé kan, owó ìdánwò tí àwọn ọmọ kíláàsì mi kó jọ sọnù nínú tábìlì mi. Ọmọkùnrin kan ni ó gbẹ́yìn nínú kíláàsì ní ọjọ́ náà. Èmi ni mo pàdánù owó, èmi ni mo wádìí, èmi ni mo dájọ́, èmi náà ni mo sì di pàṣán mú. Ọmọ náà ní òun kò mú un. Mo ní olè kì í jẹ́wọ́. Ẹgba 12, lójú gbogbo kíláàsì. Ní ọjọ́ Àìkú, bí mo ti ń múra iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tuntun, owó náà jábọ́ láàárín ìwé tí mo ń kọ ètò ẹ̀kọ́ sí. Mo lọ bẹ ìyá àgbà ọmọ náà, ó dárí jì mí, ó tilẹ̀ fún mi ní gààrí. Ṣùgbọ́n títí mo fi kúrò ní abúlé yẹn, ọmọ náà kò nawọ́ dáhùn ìbéèrè mọ́. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ìkà ènìyàn. Inú ń bí mi, kò sì sí ẹnikẹ́ni láàárín ìbínú mi àti pàṣán.

Báyìí gan-an ni ti sójà nínú ọ̀ràn yìí. Àwọn agbésùnmọ̀mí ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ní Borno àti Yobe. Àwọn ni wọ́n ń lé wọn, àwọn ni wọ́n ń mú wọn, àwọn ni wọ́n ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Bí a bá tún sọ wọ́n di adájọ́, a ti kó gbogbo iṣẹ́ náà lé ọwọ́ ẹnìkan tí inú ń bí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn baba wa ní Ìjẹ̀bú kò fi Balógun ṣe olórí adájọ́. Ogun ni iṣẹ́ tirẹ̀, ọ̀ràn ńlá a sì máa lọ sí ilédì Òṣùgbó, níbi tí àwọn àgbà ti ń jókòó ti ọ̀rọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àpèjúwe kíláàsì kéré jù, kí ó wo Kainji. Ní oṣù October 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ lọ jókòó nínú bárékè àwọn ọmọ ogun níbẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Niger, láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí sójà mú gẹ́gẹ́ bí ọmọ Boko Haram. Wọn kò jẹ́ kí oníròyìn wọlé nígbà náà, èyí kò sì dára. Síbẹ̀ adájọ́ alágbádá ni wọ́n. Nínú ènìyàn 575 tí wọ́n kó wá, 45 ni wọ́n rí pé ó jẹ̀bi. Wọ́n fagi lé ẹ̀sùn ènìyàn 34, wọ́n ní kí 28 lọ jẹ́jọ́ ní Abùjá tàbí Minna, wọ́n sì dá 468 sílẹ̀ nítorí pé kò sí ẹjọ́ tí ó dúró lórí wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka iye yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: 468. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà ní àtìmọ́lé fún ọdún pípẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìgbìmọ̀ ọ̀sẹ̀ kan tí Bàbá ọ̀gá ilé-ìwé ń fẹ́ ni, mélòó nínú wọn ni ì bá wà láàyè? Àwọn apànìyàn gidi tí ń bẹ nínú igbó ì bá sì rẹ́rìn-ín.

Ní ti pé kóòtù ológun ni ó yá jù, a kò rí i bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Kérésìmesì 2009, ọmọ Nàìjíríà kan, Umar Farouk Abdulmutallab, tí ó wọ bàálù ní Ìkẹjà, gbìyànjú láti fi àdó olóró tí ó fi pamọ́ sínú àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ fọ́ bàálù tí ń lọ sí Detroit. Àwọn òṣèlú kan ní Amẹ́ríkà yarí pé sójà ni kí wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Wọn kò gbà fún wọn. Kóòtù tí ń dá ẹjọ́ àwọn ará ìlú ní Detroit gbé e yẹ̀ wò, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́, ní oṣù February 2012 wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ọdún 2 àti oṣù díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n Khalid Sheikh Mohammed, ẹni tí wọ́n ní ó gbìmọ̀ ìkọlù New York ti 2001, tí wọ́n mú ní oṣù March 2003, ìgbìmọ̀ ológun ní Guantanamo ni wọ́n gbé e fún. Wọ́n ti fi omi dá a lóró kí wọ́n tó gbé e débẹ̀, láti ìgbà náà sì ni àwọn agbẹjọ́rò ti ń jiyàn lórí irú ẹ̀rí tí ó ṣeé gbà. Ní oṣù July 2025, tí ó ti lé ní ọdún 22, ilé ẹjọ́ kan ṣì ń fagi lé àdéhùn tí ì bá mú ẹjọ́ náà wá sí òpin.

Nílé níbí pẹ̀lú, ọjọ́ Kérésìmesì 2011 ni wọ́n ju àdó olóró sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti Theresa Mímọ́ ní Madalla, létí Abùjá, ọ̀ràn tí ó jọ ti Ọ̀wọ̀ bí ìbejì. Kóòtù alágbádá ní Abùjá, lábẹ́ Adájọ́ Adéníyì Adémọ́lá, rán Kabiru Sokoto sí ẹ̀wọ̀n gbére ní oṣù December 2013, ọdún 2 kò tíì pé. Nítorí náà ó ṣeé ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò ṣeé ṣe.

Ìyára àwọn ológun nígbà tiwọn, a mọ̀ ọ́n. Ní oṣù April 1985 wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin 3 nítorí oògùn olóró lábẹ́ Dìkíríì 20 ti 1984. Ó kéré tán, ẹnìkan nínú wọn ti ṣe ohun tí ó ṣe kí dìkíríì náà tó wà. Ní ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa ní Cameroon, ilé ẹjọ́ ológun ní Yaoundé ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ agbésùnmọ̀mí lọ. Ní oṣù August 2019 ó rán Sisiku Ayuk Tabe àti àwọn ènìyàn 9 sí ẹ̀wọ̀n gbére. Abùjá ni wọ́n ti mú wọn ní 2018, ilé ẹjọ́ wa sì ti sọ ní 2019 pé kíkó tí wọ́n kó wọn lọ kò bá òfin mu.

A kò kórìíra sójà. Kí wọ́n máa dá ẹjọ́ sójà tí ó sá lójú ogun tàbí tí ó ta ọta fún ọ̀tá. Iṣẹ́ wọn ni, òfin sì gbà kí ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Àwọn ni a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n wá àwọn tí wọ́n fura sí nínú ọ̀ràn Ọ̀wọ̀. Ẹni tí a ń bá wí ni ìjọba tí ó fi ènìyàn sí àtìmọ́lé fún ọdún 3 kí ó tó rántí pé adájọ́ ń bẹ. Ìdádúró yẹn ni ó ń sọ àgbà ilé-ìwé di ẹni tí ń ké pe ìbọn. Bí ìjọba bá tún jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀, kì í ṣe àwọn agbẹjọ́rò ni yóò gba ẹ̀bi, ìjọba fúnra rẹ̀ ni.

Ohun tí a ń béèrè kò le. Ẹni tí wọ́n bá mú lórí irú ọ̀ràn yìí, kí ó rí ojú adájọ́ láàárín àkókò tí òfin là sílẹ̀. Kí ìjọba yan adájọ́ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ju irú ẹjọ́ yìí lọ, kí ó máa jókòó lójoojúmọ́ títí yóò fi parí. Ẹlẹ́rìí tí ẹ̀rù bá ń bà, kí wọ́n fi aṣọ bo ojú rẹ̀, kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí a gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí oníròyìn wà níbẹ̀. Kí ògbufọ̀ sì wà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, Yorùbá ni wọ́n fi ń sunkún.

Ọ̀kan tí ó kù ni ti ibi ìjókòó. Láti Ọ̀wọ̀ dé Abùjá, ìrìn-àjò ọjọ́ kan ni, lójú ọ̀nà tí àwọn ajínigbé ń gbé. Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́. Bí wọ́n bá ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kódà bí ó jẹ́ ọjọ́ ẹlẹ́rìí nìkan, opó tí ó bá jí ní kùtùkùtù yóò wọ ọkọ̀ ní Ọ̀wọ̀, yóò sì ti jókòó kí adájọ́ tó wọlé.